Ọ̀bẹ Àpò Tó Já Mi Kulẹ̀ Níwájú Ìgbìmọ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ẹ̀yin ahunṣọ òkè, ẹ̀yin oníná, ẹ̀yin àgbẹ̀ oníkajú, ẹ̀yin alápatà ọjà Ìpàtà nílùú Ìlọrin, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa àbádòfin tí wọ́n gbé síwájú wa, èyí tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọ̀bẹ àpò (ọ̀bẹ tó ń ká sínú èèkù rẹ̀) rìn mọ́ bí ó bá jẹ́ irú èyí tí "a lè fi ọwọ́ kan ṣí". N kò ní kí ìjọba má ṣòfin. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn kò mọ bí ọ̀bẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti pé èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi gbè é lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń gbé àbádòfin náà yẹ̀ wò. Ó ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ kí ó tó tutù.

Wọ́n ní kí àwa tí à ń pọ́n ọ̀bẹ, tí à ń tún un ṣe, mú àpẹẹrẹ wá kí ìgbìmọ̀ lè fojú rí i. Mo kó mẹ́fà dání. Márùn-ún dúró ṣinṣin. Ìkẹfà jẹ́ ti ahunṣọ kan, irin rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 6.5 lọ, kò ní lọ́ọ̀kì tó ń dá irin dúró bí a bá ṣí i tán, òwú ni wọ́n fi ń gé láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n gbé e wá fún àtúnṣe. Mo ti fi kẹrosíìnì fọ eruku inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n n kò tíì lu ríbẹ́ẹ̀tì ìdí rẹ̀, ìyẹn ìṣó kékeré tó so irin mọ́ èèkù. Eruku tó dì síbẹ̀ ló ti ń bá a di irin mú tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe fọ̀ ọ́ tán ni ó túbọ̀ dẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì kó o mọ́ àwọn yòókù.

Òṣìṣẹ́ kan gbà á lọ́wọ́ mi. Ó di èèkù rẹ̀ mú, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ju ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣáà! Irin ti yọ. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ lọ gbári. Ó tún ká a, ó tún jù ú, ó tún yọ. Ìgbà mẹ́ta ló ṣe é, lójú gbogbo ènìyàn. Alága yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣí i?" Mo ní, "Ríbẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló dẹ̀, Sà. Mi ò tíì tún un ṣe tán ni." Akọ̀wé kò kọ èsì mi sílẹ̀. Ohun tó kọ ni pé ọ̀bẹ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pàápàá máa ń já ṣí. Ẹni tó ni ọ̀bẹ jókòó sí ìlà kejì, ó sì bojú wolẹ̀. Ọ̀bẹ márùn-ún tó dára tí mo kó wá, kò sẹ́ni tó tún béèrè wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a kọ ìwé sí wọn, wọ́n sì dá abala "ọwọ́ kan" yẹn padà fún àtúnkọ. Ìpàdé mìíràn ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ yẹ ríbẹ́ẹ̀tì wò kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kankan han aláṣẹ. Kí ẹ tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní láti mọ ohun tó ń mú un padé. Ọ̀bẹ àpò lásán, irú ti àwọn bàbá wa, ní irin tó ń gé nǹkan, ó ní sípíríǹgì gígùn kan tó wà ní ẹ̀yìn èèkù, ó ní irin pẹlẹbẹ méjì tó há wọn mọ́ àárín, àti ríbẹ́ẹ̀tì tó gba inú gbogbo wọn kọjá. Sípíríǹgì yẹn ń tẹ ìdí irin. Bí ọ̀bẹ bá wà ní pípadé, òun ló ń dì í mú kó má yọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ ó ki èékánná bọ ojú ihò tó wà lára irin, ẹ ó sì fi ọwọ́ kejì di èèkù mú. Nítorí náà, bí ríbẹ́ẹ̀tì bá ti jẹ, ìdí irin á sún kúrò níbi tí sípíríǹgì ti ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Agbára tó ń dì í mú á dín kù, ọ̀bẹ tí kò lè já ṣí lọ́dún tó kọjá á wá di èyí tó ń já ṣí lónìí. Ọ̀bẹ kan náà ni o. Kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀ ju ìṣó kékeré kan lọ.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé. Ẹ ká ọ̀bẹ, ẹ di ìdí èèkù mú, ẹ jù ú kíkan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Irin kò gbọdọ̀ mira. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i díẹ̀, kí ìka kan lè wọ àárín irin àti èèkù, kí ẹ yọ ìka, kí ẹ fi í sílẹ̀. Ó yẹ kó padà wọlé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìró "kọ́". Bí ó bá dúró gbagidi síbẹ̀, tàbí tó rọ̀ lọ rọ̀ bọ̀, ó ti bàjẹ́. Ẹ wá ṣí i tán, ẹ fi ìka méjì mi ṣónṣó rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá ń mì, ríbẹ́ẹ̀tì ni. Bí kò bá mì rárá ṣùgbọ́n tó ṣì ń já ṣí, sípíríǹgì ló ti rẹ̀, ìyẹn kò sì ṣeé fi òòlù wò sàn. Ẹ ó tú u, ẹ ó pààrọ̀ sípíríǹgì.

Ti ríbẹ́ẹ̀tì rọrùn. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ìdí rẹ̀ títí omi tó ń jáde kò fi ní dúdú mọ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku Ìlọrin ń wọ ibi gbogbo. Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ gé bébà ìwé àkọsílẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ki í bọ àárín irin àti pẹlẹbẹ inú, lápá kan péré. Ẹ gbé orí ríbẹ́ẹ̀tì lé irin tó tẹ́jú, kí ẹ sì fi òòlù kékeré olórí róbótó lu apá kejì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ìgbà mẹ́fà, kí ẹ yí i padà, kí ẹ lu apá àkọ́kọ́ bákan náà. Ẹ fa bébà yọ. Àlàfo tí bébà fi sílẹ̀ ni irin máa fi ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fi bébà sí i, tó ń lù ú bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ọ̀bẹ rẹ̀ á há, á wá máa fi eyín ṣí i, ibẹ̀ ni ètè ti ń ya. Ẹ kán ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán kan ṣoṣo, ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, ní ogún ìgbà. Ẹ má ṣe lo òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa. Ó máa ń dì, á sì mú eruku mọ́ra. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ tuntun tó ní sùkúrù dípò ríbẹ́ẹ̀tì, ẹ yí sùkúrù díẹ̀díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ àyípo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa dán an wò.

Ẹ̀kọ́ kejì fẹ́ jọ èyí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ: òfin tó bá ń wo bóyá ọ̀bẹ lè já ṣí bí a bá jù ú, ríbẹ́ẹ̀tì ló ń dá lẹ́jọ́, kì í ṣe ọ̀bẹ, kì í sì ṣe ẹni tó mú un dání. Ẹni tó ti fi ọ̀bẹ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ni ríbẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ máa dẹ̀. Jàǹdùkú tó ra tuntun lánàá, tirẹ̀ á le koko. Ta ni òfin máa wá mú? Wọ́n ti rí i níbòmíràn. Ní ìlú New York, ọlọ́pàá a máa ju ọ̀bẹ àwọn òṣìṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ yẹn ṣe ju tèmi. Bó bá yọ tó sì dúró, wọ́n á ní ọ̀bẹ tí òfin kọ̀ ni, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lọ síbi iṣẹ́ jẹ́jẹ́. Oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́.

Ohun tí ẹ ó fi rọ́pò gbólóhùn "ọwọ́ kan" wà nílẹ̀. Lọ́dún 2009, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè Amẹ́ríkà fẹ́ ka ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ àpò mọ́ ọ̀bẹ abọ́tìnnì (èyí tó ń yọ fúnra rẹ̀ bí a bá tẹ bọ́tìnnì) tí òfin wọn ti ọdún 1958 kọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ àti àwọn tó ń lò ó pariwo. Kí ọdún náà tó parí, ilé aṣòfin ti fi àlàyé kan kún òfin: ọ̀bẹ tí a ṣe kí ohun kan lára rẹ̀ máa fà á sí pípadé, tí ọwọ́ ènìyàn sì gbọ́dọ̀ borí ìfà yẹn kó tó ṣí, kì í ṣe ọ̀bẹ abọ́tìnnì. Ẹ wò bó ṣe jẹ́: ohun tí wọ́n fi sí i lára láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n wò. Wọn kò wo ohun tó ti jẹ. Sípíríǹgì ọ̀bẹ ahunṣọ yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kó ìtìjú bá a. Ìyẹn ni kí ẹ kọ sínú ìwé tiyín.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mò ń gbè sẹ́yìn jàǹdùkú. Èmi náà ní ọmọ, èmi náà ń gba ọ̀nà Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara kọjá, mo mọ ohun tí ojú àwọn ará wa ń rí lọ́wọ́ ajínigbé. Ìbọn ni wọ́n ń gbé wá. Bákan náà, òfin ìdigunjalè ti ìjọba àpapọ̀ ti ka ohunkóhun tí ènìyàn bá mú dání láti fi ṣe ẹlòmíràn léṣe sí ohun ìjà, àdá, ọ̀bẹ, igi, títí kan òkúta. Èrò inú ẹni náà ni òfin yẹn ń wò. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ní ọ̀bẹ tó ní lọ́ọ̀kì ló burú jù. Rárá o. Lọ́ọ̀kì ni irin kékeré tó ń dúró lẹ́yìn ìdí ọ̀bẹ kó má ká lé ọ lọ́wọ́. Oníná tó ń bó wáyà, tó fi ṣónṣó gún rọ́bà, bí kò bá sí lọ́ọ̀kì, ìka rẹ̀ ni irin máa ká lé. Òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1988 gba ọ̀bẹ tó ń ká láyè bí ojú tó mú kò bá ju íǹṣì 3 lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wọn ní 1993 ní èyí tó bá ní lọ́ọ̀kì kò sí lára ọ̀bẹ tó ń ká. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a kó irú rẹ̀ wọlé. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ìwọ̀n sí i, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti máa wọ̀n ọ́n: láti ṣónṣó dé ibi tí ojú tó mú parí sí, àbí láti ṣónṣó dé èèkù? Lára ọ̀bẹ kan náà, ìyàtọ̀ méjèèjì lè tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó sì tó láti sọ aláìṣẹ̀ di ọ̀daràn.

Àwọn tó ń so ẹ̀ka kajú mọ́ ìdí kajú mìíràn nílò ìdájú ju gbogbo wa lọ. Gígé ẹ̀ka yẹn gbọ́dọ̀ dá lẹ́ẹ̀kan, ní ìdagun, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4. Bí ọ̀bẹ bá kú, ó máa ń tẹ ara igi rọ́ ni, ojú méjèèjì kò sì ní mú ara wọn. Tí a bá ń pọ́n ọ̀bẹ àpò lásán, tí irin rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.5, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kúrò lára òkúta ní ìwọ̀n ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ má yí ìwọ̀n yẹn padà títí ẹ ó fi pọ́n apá méjèèjì tán. Ọ̀bẹ tó kú ló ń gé ènìyàn, nítorí agbára tí a fi ń tì í ló ń mú un yọ̀ sí ibi tí a kò rán an.

Nípa ìpàdé tó ń bọ̀: ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín nílé kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ mú rúlà dání láti fi wọn irin ọ̀bẹ. Ẹ kọ ìwé yín lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé kan péré, kí ẹ gbà kí akọ̀wé fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kí wọ́n má baà ní ẹ kò sọ ọ́, bí wọ́n ṣe fi èsì tèmi sílẹ̀ láìkọ. Ẹ má mú ọ̀bẹ lọ sí kóòtù, ilé ìwé, tàbí inú ọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹ bá ń lọ sí oko tàbí ibi iṣẹ́, ẹ fi í sínú àpò irinṣẹ́ pẹ̀lú ohun iṣẹ́ yòókù, ẹ má fi há ìbàdí. Kí olúkúlùkù yẹ ríbẹ́ẹ̀tì ọ̀bẹ tó máa mú wá wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bó bá dẹ̀, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi, n kò ní gbowó.

Ọ̀bẹ ahunṣọ yẹn wà lórí tábìlì mi báyìí. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti fi bébà sí i, mo ti lù ú lápá méjèèjì. Mo jù ú ní ogún ìgbà lálẹ́ àná, irin rẹ̀ kò mira. Òun ni mo máa kọ́kọ́ gbé lé òṣìṣẹ́ yẹn lọ́wọ́.