Ta Ló Ń Bọ́ Koríko Inú Òkun Mi?

Sátidé. Òjò ò dá ní Woolwich láti òru.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti gun àga dé ẹnu táǹkì ẹja mi, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́ ọ̀tún, abọ́ lọ́wọ́ òsì. Bí ẹ bá ti wo inú kànga àtijọ́ rí, ohun tútù tó máa ń hù lára ògiri rẹ̀, tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ yẹn, ẹ ti mọ ohun tí mò ń bá jà. Tèmi kàn gùn ju ìyẹn lọ ni. Ó gùn tó ìka àárín, ó ń mì lọ mì bọ̀ bí pọ́ǹpù ṣe ń tì í, ó sì ti bo òkúta tí mo fowó gidi rà débi pé àlejò á rò pé ńṣe ni mo dìídì gbìn ín. Hair algae ni wọ́n ń pè é, koríko omi tó rí bí irun. Bí mo bá fi ìka méjì fà á, á já láàárín, ìdí rẹ̀ á kù lára òkúta. Tó bá máa fi di Ọjọ́rú, ó ti tún yọ.

Táǹkì náà ò ju lítà 120 lọ, omi iyọ̀ ni, ó sì ti pé oṣù 18. Ẹja clownfish méjì ló wà nínú rẹ̀, àti ẹja blenny kan tí wọ́n ní algae ni oúnjẹ rẹ̀. Irọ́ ni. Kò sí oúnjẹ tí blenny tèmi fẹ́ràn bí èyí tí mo ń rà.

Láti oṣù tó kọjá tí Màmá ti dé láti Òṣogbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti burú sí i, èmi náà sì ti mọ ẹni tí mo di ẹ̀bi rù. Màmá fẹ́ràn àwọn ẹja yẹn. Wọ́n á fa àga sí iwájú gíláàsì, wọ́n á ní, "Àlàbí, ebi ń pa àwọn wọ̀nyí o. Ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe ń wò mí ni?" Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka edé tí a fi ń bọ́ wọn, èyí tó dì sínú fíríìsà. Lálẹ́ mo kà á, láàárọ̀ mo tún un kà. Ìyàwó mi bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan: "Bàbá Tómi, ṣé edé ni ẹ̀ ń kà mọ́ Màmá lọ́wọ́?" Ojú tì mí, àmọ́ mi ò dẹ́kun.

Ìfura mi nídìí ṣá. Oúnjẹ tí ẹja ò jẹ á jẹrà, èyí tó jẹ náà á yà á, gbogbo rẹ̀ á di ammonia. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú òkúta á sọ ọ́ di nitrite, wọ́n á tún sọ ọ́ di nitrate. Ẹ wá fi phosphate tó wà nínú edé fúnra rẹ̀ kún un. Ohun tí àgbẹ̀ ń rà nínú àpò ajílẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àmọ́ nígbà tí mo wọn omi táǹkì, nitrate 5, phosphate 0.04. Omi tó dáa ni. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi ń wo nọ́ńbà yẹn kí ó tó yé mi pé algae ti jẹ ẹ́ kí n tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó jẹun tán tó fọ abọ́, abọ́ rẹ̀ ò lè sọ iye òkèlè tó jẹ. Mo wá ń pààrọ̀ omi lójú méjèèjì, lítà 25 ní gbogbo Sátidé. Bí mo ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀ ni irun ń gùn sí i. Màmá náà ni mo ṣì ń fojú ẹ̀gbẹ́ wò.

Bí aago mọ́kànlá lónìí, Màmá lọ bu ìrẹsì lábẹ́ síǹkì.

"Àlàbí! Kí lẹ gbé pamọ́ sẹ́yìn ìrẹsì níbí?"

Ẹ̀rọ tí mo fi ń sẹ́ omi ẹja ni. Asẹ́ àkọ́kọ́, tó funfun báláú nígbà tí mo rà á, ti dà bí àmàlà. Kóró kéékèèké inú igò ìkẹyìn, tí wọ́n jẹ́ búlúù, ti di àwọ̀ tíì. Àwọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún èèyàn pé agbára wọn ti tán. Àpò ìrẹsì kílò 20 ló dúró níwájú ìkìlọ̀ náà.

"Ṣé inú eléyìí ni omi ẹja ń gbà? Ó mà dọ́tí o."

Mo wá kálámù tí wọ́n fi ń wọn ohun tó yòrò sínú omi. Omi ẹ̀rọ ilé ìdáná: 320. Omi tó jáde látinú asẹ́ mi, tó yẹ kó jẹ́ 0: 61.

Omi London le, ẹni tó bá ti wo inú kẹ́tùlù níbí mọ ẹfun tó máa ń dì sí ìdí rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ẹfun ni wàhálà tèmi. Wọ́n máa ń dìídì fi phosphate sí omi ẹ̀rọ nílẹ̀ yìí, kí ó lè bo inú àwọn páìpù òjé àtijọ́, kí òjé má baà yòrò sínú omi tí aráàlú ń mu. Ó dáa fún èèyàn. Nínú táǹkì, ajílẹ̀ ni. Lójoojúmọ́ sì ni mo ń bu omi yẹn dí èyí tó fà gbẹ. Omi á gbẹ lọ, phosphate ò ní bá a lọ. Èmi ni mò ń gbìn ín, tí mo tún ń fà á tu.

Mo jẹ́wọ́ fún Màmá. Wọ́n wò mí títí. "O ń ka kí ni?" Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń kà á! Wọ́n pòṣé, wọ́n padà sídìí ìrẹsì wọn.

Asẹ́ tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti dín iná táǹkì kù láti wákàtí 10 sí 7, a ó sì máa ṣan edé kí a tó sọ ọ́ sómi. Mi ò ní kó oògùn rẹpẹtẹ tó ń fa phosphate sí i. Bí nitrate àti phosphate bá lọ di òdo, dinoflagellate lè gba ipò algae, ohun kan tó dà bí ikun imú, tó ń yọ fọ́ọ̀mù. Mo ti rí i rí nínú táǹkì ọ̀rẹ́ mi, irun yá mi ju ìyẹn lọ. Òkúta náà ti mu phosphate yó, yóò máa pọ̀ ọ́ jáde fún oṣù bíi mélòó kan. Kò sí ìkánjú níbẹ̀.

Mo fa irun kún abọ́ kan. Màmá yọjú sí i. "Ṣé wọn kì í sè é ni?"

Ìgbín òkun méjì tí mo rà lọ́sàn-án ti gun òkúta báyìí, wọ́n ń jẹ lọ ráúráú, òkúta funfun ń hàn lẹ́yìn wọn. Àléébù wọn ni pé wọ́n máa ń já bọ́, bí wọ́n bá sì dojú délẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò lè yí ara wọn padà. Aago mẹ́wàá kọjá, mo ti ń kọ èyí lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ ohùn láti pálọ̀:

"Àlàbí, ìgbín rẹ kan ti ṣubú o. Ṣé kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́, àbí o máa kọ́kọ́ ka edé?"