Àsọtẹ́lẹ̀ Mi Lọ́dún 2024

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ àsọtẹ́lẹ̀ sí, kí n má baà fẹnu mi parọ́ fún ara mi tí ọdún bá ti ń lọ. Mo ṣí i lálẹ́ àná, ojú sì tì mí.

Ti bọ́ọ̀lù ló wà níwájú. Nígbà tí Equatorial Guinea fi góòlù mẹ́rin sí òdo na Ivory Coast nínú ilé wọn lóṣù Kìíní, nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, gàdàgbà ni mo kọ ọ́: "Àwọn wọ̀nyí ti relé." Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Emerse Faé tó jẹ́ igbákejì rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kejì, Haller, agbábọ́ọ̀lù wọn tí jẹjẹrẹ dá dùbúlẹ̀ lọ́dún 2022, na ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 81. Ife di tiwọn, Nàìjíríà sì gba ipò kejì.

Lórí ìbò Amẹ́ríkà, mo kọ "Harris", igbákejì ààrẹ nígbà náà, mo fàlà sídìí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Trump kó 312 nínú 538 ìbò aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń yan ààrẹ. Eléyìí ló dùn mí jù, torí àpẹẹrẹ ti wà níwájú mi: ẹgbẹ́ ANC tó ń ṣèjọba ní South Africa kò rí ju ìdajì ìbò gbà mọ́ lóṣù Karùn-ún, wọ́n dìbò lé ẹgbẹ́ Conservative kúrò lórí ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù Keje. Ọ̀wọ́ngógó ọjà ń mú aráàlú bínú sí ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí àga. Mo rí i, mo sì kọ ohun tó wù mí.

Ti òwò kò gbọdọ̀ gùn. Mo ní ìpín ìdókòwò Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, máa já wálẹ̀; iye owó ilé iṣẹ́ náà kọjá tírílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lóṣù Kẹfà. (Mo ṣì rò pé ó máa já o.) Mo ní kò sí adájọ́ tó lè fọwọ́ kan Google, adájọ́ Mehta ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́bi lóṣù Kẹjọ pé ó ń dá ọjà gbà.

Gúúsù Kòríà ni mi ò lè gbàgbé. Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, ààrẹ wọn, Yoon Suk Yeol, kéde òfin ológun, mo sì kọ "ó parí". Táwọn ṣọ́jà ń fọ́ fèrèsé ilé aṣòfin, àwọn aṣòfin ń fo ọgbà wọlé. Woo Won-shik, olórí ilé aṣòfin, ẹni ọdún 67, fò ó pẹ̀lú wọn. Ìwé òfin wọn ní bí iye tó ju ìdajì àwọn aṣòfin bá ní kó wọ́gi lé e, ààrẹ gbọ́dọ̀ wọ́gi lé e. Àwọn 190 tó ráyè wọlé dìbò. Kò sẹ́ni tó takò ó. Kò tó wákàtí mẹ́ta sígbà tí Yoon kéde òfin náà.

Ọ̀kan péré ló ṣẹ: Lookman, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Alẹ́ tó gbá mẹ́ta wọ àwọ̀n Leverkusen ni mo kọ ọ́ pé òun ni agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tọdún yìí. Mo wo ìdíje yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni. Àwọn yòókù, àkọlé ìròyìn ni mo kà.

Ojú ewé 2025 ti ní ìlà kan: ṣé ilé ẹjọ́ máa yọ Yoon, tí àwọn aṣòfin ti dìbò pé kó lọ? Ó gba ìbò adájọ́ mẹ́fà, àwọn tó sì wà lórí àga nígbà tí ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ wọn, mẹ́fà náà ni. Mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni", mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́.