Fọ́tò méjìdínlógún tí wọ́n dá padà, àti méjìlá tó wọlé

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí ètò kan tí wọ́n ti ń pe ayàwòrán wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, fọ́tò méjìdínlógún ni mo kó lọ. Ìyàwó tó ń jó láàárín owó wà níbẹ̀. Òkúta Olúmọ nígbà tí oòrùn ń wọ̀ wà níbẹ̀. Eégún wà níbẹ̀, ọmọ tó ń yí táyà wà níbẹ̀, ojú irin Láfẹ́nwá náà ò gbẹ́yìn. Gbogbo èyí tí wọ́n ti yìn mí fún lórí Facebook ni mo ṣà jọ. Mo ní ta ni yóò rí wọn tí kò ní pè mí?

Wọn ò pè mí. Ìlà méjì ni wọ́n fi dá mi lóhùn, wọ́n sì ní mo kú iṣẹ́.

Inú bí mi, n ò ní purọ́. Mo ń sọ kiri Pànṣẹ́kẹ́, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, pé wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú kí wọ́n tó ṣí fọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló pè mí pé kí n tẹ àwọn fọ́tò náà jáde ní kékeré, kí n kó wọn wá sílé òun. Ó tẹ́ ẹní, ó tò wọ́n sórí rẹ̀, ó wò wọ́n títí. Ó wá ní, "Àbúrò, ká ní wọ́n ti gbé máìkì fún ẹ báyìí. O ti sọ̀rọ̀ ọmọ onítáyà yìí tán. Báwo lo ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ìyàwó tó ń jó yìí?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹni tí fọ́tò rẹ̀ rẹwà jù. Adájọ́ tó jókòó ti àkójọ rẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan wà tó o ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́. Fọ́tò méjìdínlógún tèmi dà bí iṣẹ́ èèyàn méjìdínlógún. Ẹ wo J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó kú ní 2014. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin, èyí tó pọ̀ nínú wọn látẹ̀yìn orí, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Mú ẹyọ kan níbẹ̀, wàá ní irun dára. Tò wọ́n pọ̀ kó o rí i bóyá wàá lè tètè dìde.

Aṣọ tí mo fẹ́ ta sí ògiri ṣọ́ọ̀bù ni mo lọ rà ní Ìtòkú lọ́jọ́ tí mo rí tèmi. Ìyá tí mo fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí n dúró, òun fẹ́ yọ aṣọ kan nínú ìkòkò aró. Aṣọ yẹn jáde, kò dúdú. Àwọ̀ ewé ló ní, bí omi adágún. Mo rò pé aró ti bàjẹ́. Màmá tẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́, kò sọ̀rọ̀, ojú mi níbẹ̀ ni ewé yẹn ti ń lọ tí aró ń dé, láti etí aṣọ wá sí àárín. Afẹ́fẹ́ ló ń pa á láró, kì í ṣe ìkòkò nìkan. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, àdìrẹ ni wọ́n fi pọ̀n mí, mi ò sì mọ̀.

Mo lọ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Fọ́tò mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú méjìlá tí mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ kan náà ni, ibì kan náà ni mo dúró sí, kìkì àwọ̀ ló yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ọwọ́ tí aró ti wọ èékánná rẹ̀, ọmọ tó sùn sórí àpò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Yíyọ fọ́tò kúrò ló le jù. Mo ní mẹ́rin tí ọwọ́ Màmá ti wọ inú ìkòkò, mo fẹ́ràn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, nítorí náà mo pe télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó wá wo orí ẹní. Èyí tó bá fò kọjá, mo ń fi ìka sàmì sí i. Bí ẹ bá ní fọ́tò tó jẹ́ pé ìyà tí ẹ jẹ kí ẹ tó yà á ni ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀, ẹ fi í sílé. Adájọ́ ò mọ̀ pé òjò pa yín.

Ọ̀kan tó dára jù lọ kò tilẹ̀ wọlé. Mo kó àwọn fọ́tò náà lọ fi han Màmá kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́, ó ní, "Onífọ́tò, o rí i pé mi ò wé gèlè níbí. Má gbé èyí lọ síbì kankan." Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mo ní wọn ò mọ̀ yín níbẹ̀. Ó ní, "Èmi mọ ara mi." Ó tán. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi ránṣẹ́ o, torí wọ́n á bi yín.

Ọ̀rọ̀ àlàyé tí wọ́n ní kí a kọ, lẹ́ẹ̀kìíní, Gẹ̀ẹ́sì tó ga ju orí mi lọ ni mo kọ síbẹ̀, èmi gan-an ò lè túmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó mi. Lẹ́ẹ̀kejì, mo tan fóònù, mo sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún télọ̀ yẹn: aṣọ yọ, kò dúdú, mo rò pé ó bàjẹ́. Ohun tí mo gbọ́ nínú fóònù ni mo kọ. Gbólóhùn mẹ́sàn-án péré ni.

Fáìlì náà ní wàhálà tirẹ̀. Kámẹ́rà mi wà lórí Adobe RGB, ètò àwọ̀ tí kì í ṣe gbogbo ojú fóònù ló ń fi hàn bó ṣe yẹ, mi ò fiyè sí i. Lórí kọ̀ǹpútà mi, aró dúdú minimini. Lórí fóònù ẹlòmíì, ó ṣá bí aṣọ àlòkù. Ẹ yí i sí sRGB, ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lò, kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí 300 dpi, ìyẹn iye àmì tó máa wà nínú ínǹṣì kan lórí bébà, da ọkàn yín rú: fọ́tò tó ní 3000 pixel (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) ní gígùn, ínǹṣì mẹ́wàá ni yóò fún yín lórí bébà ní 300, àmọ́ lójú kọ̀ǹpútà, pixel nìkan ni wọ́n ń kà. Orúkọ fáìlì ńkọ́? 01, 02, 03 ni kí ẹ kọ. Mo kọ 1, 2, 3 nígbà tí mò ń dán an wò, kọ̀ǹpútà bá gbé 10 ṣáájú 2, aṣọ mi ti gbẹ kó tó wọnú aró.

Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ wọn sí. Àwọn kan ń gbà á lọ́wọ́ yín pé àwọn lè lo fọ́tò náà títí ayé láìsan kọ́bọ̀. Mo ti fi ọ̀kan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n mú mi, mo rò pé ó ti parí. Wọ́n kọ̀wé pé kí n fi àwọn fáìlì ńlá ránṣẹ́ fún ojú ògiri, kó tó di ọjọ́ kejì. Mo ti dín fọ́tò kẹta kù, mo sì ti fi orúkọ kan náà tọ́jú rẹ̀ lé ojúlówó lórí. Gbogbo òru ni mo fi ń tú mẹ́mọ́rì káàdì kiri, kí n tó rí i nínú èyí tí mo fún ọmọ iṣẹ́ mi fi ya ìsọmọlórúkọ. Ó ku díẹ̀ kó pa á rẹ́.