Ọdún tí mo jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn àlejò mi

Ẹ kú ìparí ọdún o. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan wà lórí fìríìjì mi. Òróró ti ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ewé mẹ́ta sì ti lẹ̀ mọ́ra nítorí ìyẹ̀fun pípò tó dà sí i lóṣù kẹta. Inú rẹ̀ ni mò ń kọ gbogbo oúnjẹ tí mi ò sè rí sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sè é àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "ó dùn", "iyọ̀ ti pọ̀ jù", "má tún dán èyí wò láé". Alẹ́ àná ni mo jókòó tì í tí mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Oúnjẹ tuntun 27. Mẹ́sàn-án ni mo padà sè lẹ́ẹ̀kejì. Márùn-ún péré ni ọwọ́ mi ti mọ̀ débi pé mi ò wo ìwé mọ́ kí n tó sè é. Ìgbà mẹ́jọ ni mo pe èèyàn wá jẹun nílé, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ohun kan tí wọ́n sọ nídìí tábìlì tí mo lè rántí. Mi ò sí níbẹ̀. Ìdí iná ni mo wà, mò ń làágùn.

Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, mo rò pé kéèyàn máa dán oúnjẹ tuntun wò àti kéèyàn máa gba àlejò, nǹkan kan náà ni. Mo ní bí mo bá ti ń pe èèyàn, tipátipá ni n ó fi máa kọ́ nǹkan tuntun. Ó jọ ọgbọ́n lójú mi nígbà yẹn.

Àwọn mẹ́fà ni mo pè lóṣù kejì. Mo ní n ó dín adìẹ kí ara rẹ̀ pọ́n dáadáa, n ó po máyónéèsì fúnra mi, n ó sì sè ìrẹsì tì í. Yàtọ̀ sí ìrẹsì, mi ò ṣe ìkankan nínú wọn rí. Aago méje ni mo dá fún wọn. Nígbà tí aago méje lù, yìnyín ò tíì tán lára adìẹ. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú páànù kan ṣoṣo, ó kún dé etí. Dípò kó máa ta ṣìì, ńṣe ló ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Omi funfun yí i ká, awọ rẹ̀ sì hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó ti ń fọ aṣọ láti àárọ̀. Mo fi kún iná, omi ń pọ̀ sí i. Mo yíjú sí máyónéèsì, mo da òróró lé ẹyin lórí lẹ́ẹ̀kan náà torí pé ojú ń kán mi, ó bá já mọ́ mi lọ́wọ́: òróró gba ọ̀nà tirẹ̀, ẹyin gba ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ṣé kí n bá ọ ṣe nǹkan kan ni?"

"Rárá o, ẹ lọ jókòó, ó ti ń parí lọ."

Kò sóhun tó ń parí lọ. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá ká tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n dúpẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ti gba àlejò rí mọ irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wádìí ìdí tí adìẹ yẹn ò fi pọ́n. Ara ẹran gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 140°C kó tó lè pọ́n dáadáa kó sì máa ta sánsán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi inú páànù tó ṣí sílẹ̀ kì í gbóná ju 100°C lọ. Bí omi bá ṣì wà lára ẹran, ojú 100 yẹn náà ni yóò dúró sí, ì báà jẹ́ iná ọ̀run lo dá sábẹ́ rẹ̀. Louis-Camille Maillard, onímọ̀ kẹ́míṣírì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ nípa irú pípọ́n yìí lọ́dún 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é dòní. Èmi ò gbà ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀: kí n fi aṣọ nu adìẹ gbẹ, kí n ti fi iyọ̀ ra á lára láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí n má bò ó nínú fìríìjì kí awọ rẹ̀ lè gbẹ, kí n sì dín in ní ìpín-ìpín kí wọ́n má fún ara wọn. Mo tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́rú kan tí kò sí àlejò kankan. Ṣìì tó ta nígbà tó kan òróró, mo ti mọ̀ kí n tó wò ó pé ó ti bọ́ sí i.

Sùúrù ni máyónéèsì ń fẹ́ ní tirẹ̀. Nǹkan kan wà nínú pupa ẹyin tí wọ́n ń pè ní lecithin. Ó ń fi apá kan di omi mú, ó ń fi apá kejì di òróró mú. Àmọ́ ẹ̀kán-ẹ̀kán ló fẹ́ kí òróró máa wá bá òun. Bó bá sì já, ẹ má dà á nù. Ẹ wá pupa ẹyin mìíràn sínú abọ́ tó mọ́, kí ẹ máa kán èyí tó já yẹn sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa pò ó lọ, yóò tún dì. Mo ti da abọ́ méjì nù kí n tó gbọ́ èyí, ó sì ń dùn mí dòní.

Alẹ́ ọjọ́rú yẹn ló la ojú mi. Bí oúnjẹ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó ń dúró dè é, èmi àti ẹnìkejì mi á rẹ́rìn-ín, a ó sì fi ẹyin àti búrẹ́dì sùn. Látìgbà náà ni mo ti ya méjèèjì sọ́tọ̀: àárín ọ̀sẹ̀ ni mo ń ya wèrè mi, àlejò ń jẹ ohun tí mo ti sè lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ó yà mí lẹ́nu pé ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wá ń dán nǹkan wò sí i. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́.

Búrẹ́dì ló gba ojú ewé tó pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ kò wú rárá, torí pé omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó ni mo fi po yíìsì, ohun ẹlẹ́mìí sì ni, mo ti bó o pa. Ìkejì wú, ó sì tún wólẹ̀. Ìgbà tí mo ra òṣùwọ̀n tí mo jáwọ́ nínú fífi ife wọn ìyẹ̀fun ni nǹkan yí padà. Ife ìyẹ̀fun tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti èyí tí mo rọra bù kò tẹ̀wọ̀n kan náà, ibẹ̀ ni búrẹ́dì ti ń dà mí. Gíráàmù 500 ìyẹ̀fun, 350 omi, 10 iyọ̀, yíìsì díẹ̀, kó sun inú fìríìjì mọ́jú. Mi ò tún yí i padà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àlùbọ́sà kí n tó gbàgbé. Gbogbo àwọn tó ń kọ ìlànà oúnjẹ tí wọ́n ń ní kéèyàn dín àlùbọ́sà "títí yóò fi pọ́n bí oyin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá", irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo gbé aago tì í. Lórí iná tó rọlẹ̀, ìṣẹ́jú 45 ló gbà mí, nígbà mìíràn ó ń wọ wákàtí kan. Mélòó nínú wa ló ti rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa, tó jẹ́ pé aago ni wọ́n fi tàn wá jẹ?

Lóṣù kẹfà, mo pe èèyàn 12, mo sì sè ìrẹsì fún wọn. Mo kàn sọ ìrẹsì di ìlọ́po mẹ́ta, mo sọ omi náà di ìlọ́po mẹ́ta, ó lẹ̀ mọ́ra bí àtè. Omi tí ìrẹsì fúnra rẹ̀ ń mu kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀n tirẹ̀ lọ. Èyí tó kù, ooru ló ń bá jáde. Ẹnu ìkòkò sì nìyẹn, kò fẹ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ta torí pé ẹnu tó fẹ́ jẹun pọ̀ sí i. Ní báyìí, bí ìrẹsì bá ti pọ̀, mo máa ń dín omi kù.

Ohun tó tì mí lójú jù lọ́dún yìí kì í ṣe oúnjẹ tó bàjẹ́. Mo lọ ẹ̀pà sínú ọbẹ̀ kan tó dùn gan-an, mo bù ú tán, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ti gbé ṣíbí. Ìyá rẹ̀ kàn ní kí òun béèrè: "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Ara ọmọ náà kì í gba ẹ̀pà, ọ̀fun rẹ̀ máa ń wú. Ṣíbí ò tíì dẹ́nu. Ọwọ́ mi gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Èmi tó mọ ìwọ̀n omi inú búrẹ́dì mi dórí gíráàmù, mi ò ronú láti béèrè ohun tí ara àwọn àlejò mi kì í gbà. Ní báyìí, bí mo bá ti ń pe èèyàn ni mo ti ń béèrè: ẹyin, wàrà, ẹ̀pà, ẹja, edé, àlìkámà, ohunkóhun. Wọn kì í bínú sí i. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń mí kanlẹ̀ pé ẹnì kan béèrè.

Ní ti ata, bó bá ta àlejò yín jù, omi kọ́ lẹ máa sáré gbé fún un. Ohun tó ń ta nínú ata kì í yọ́ nínú omi, ńṣe ni omi ń gbé e káàkiri ẹnu. Wàrà ni kí ẹ fún un.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí kò lè mú kí ẹnikẹ́ni kọ háà. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń fi sílẹ̀ láti sè nígbà tí wọ́n bá dé. Ọbẹ̀, mo ti sè é lánàá, ó sì sábà máa ń dùn sí i lọ́jọ́ kejì. Mo ń ka aago padà sẹ́yìn láti ìgbà tí mo fẹ́ ká jẹun, mo sì ń fi ààbọ̀ wákàtí kún un fún ìwà mi. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn, kò sí abọ́ ìdọ̀tí kankan níbi tí mo ti ń fọ nǹkan. Èyí ló ṣe mí lóore jù nínú gbogbo wọn, kò sì sí nínú ìwé ìlànà kankan tí mo kà. Bí wọ́n bá sì lọ tán, oúnjẹ tó kù ti gbọ́dọ̀ wọ fìríìjì kí wákàtí méjì tó pé, pàápàá ìrẹsì. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí iná kì í pa irúgbìn rẹ̀ tán, ó ń dúró de ìgbà tí ìrẹsì bá lọ́wọ́ọ́rọ́. Abọ́ pẹlẹbẹ ni mo ń tẹ́ ẹ sí kó lè tètè tutù.

Mo tún ti jáwọ́ nínú "rárá o, ẹ lọ jókòó". Ẹni tó bá ní kí òun bá mi ṣe nǹkan, iṣẹ́ gidi ni mo ń gbé fún un. Mo ti rí i pé àjèjì méjì tó bá jọ ń gé àlùbọ́sà kì í pẹ́ dọ̀rẹ́. Ó lè jẹ́ torí pé omi jọ ń dà lójú àwọn méjèèjì ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gba àlejò nígbà kẹjọ, àwọn mẹ́fà oṣù kejì ni mo dìídì tún pè. Adìẹ kan náà, máyónéèsì kan náà, ìrẹsì kan náà. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi ń ròyìn ọkọ̀ kan tó gbé wọn dé ibi tí wọn ò lọ, a ń rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan da omi sílẹ̀. Àbúrò kan dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó pariwo láti inú lọ́hùn-ún pé níbo ni iyọ̀ wà.

"Lókè, lọ́wọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife," ni mo dá a lóhùn. Mi ò dìde. Mo fẹ́ gbọ́ bí ọkọ̀ yẹn ṣe parí.