Kóró Igi Tí Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ dá igbó padà sípò ló máa ń fi ojú kan náà wo gbogbo irúgbìn: wọn a ṣà á, wọn a sá a sóòrùn, wọn a sì kó o pamọ́ di ìgbà òjò, bí ẹni ń tọ́jú àgbàdo. Ọ̀pọ̀ igi igbó ilẹ̀ olóoru kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1973 ni E. H. Roberts, onímọ̀ nípa irúgbìn, ti pín irúgbìn sí oríṣi méjì: èyí tó ṣeé gbẹ kí a sì fi pamọ́, àti èyí tó jẹ́ pé gbígbẹ ni ikú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi igbó gíga tí wọ́n ń pè ní dipterocarp ní Éṣíà wà nínú oríṣi kejì yìí. Wọ́n lè lo ọdún bíi mélòó kan láìso, kí wọ́n wá so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kóró wọn a sì hù láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó bá ti bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ti ṣe ebè sílẹ̀ kí èso tó já, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ òfo.

Ti igi apá yàtọ̀, nítorí èèpo kóró rẹ̀ dúdú, ó sì le. Èmi a kọ́kọ́ bó ohun pupa rúsúrúsú tó bo ìdí rẹ̀ kúrò, n ó wá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Èyí tó bá wú ti ṣetán. Èyí tí kò bá wú ni à ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha òkúta díẹ̀, kí a má ṣe kan ibi tí èhù yóò ti yọ, kí a tó dá a padà sómi.

Ní ọdún 1977, Stanley Temple, onímọ̀ nípa ẹyẹ, sọ pé igi tambalacoque ti erékùṣù Mauritius kò hù mọ́ nítorí pé ẹyẹ dodo tó ń gbé kóró rẹ̀ mì ti parun. Ó fún tòlótòló ní kóró 17, 3 sì hù. Ìtàn náà dùn létí, àmọ́ Temple kò gbin kóró tí tòlótòló kò gbé mì sí ẹ̀gbẹ́ wọn láti fi wọ́n wéra. Nítorí náà, ìtọ́jú yòówù tí a bá dán wò, ó yẹ kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ tí a kò fọwọ́ kàn.

Bí igi bá sì ti ṣọ̀wọ́n, ó máa ń wuni láti ṣa gbogbo kóró lábẹ́ ẹyọ kan tó wà nítòsí. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn yóò jẹ́, bí wọ́n bá sì ń gba àtọ̀ òdòdó lára ara wọn lọ́jọ́ iwájú, èso wọn kì í lágbára. Ó sàn kí a rìn jìnnà, kí a mú díẹ̀ lábẹ́ igi púpọ̀, kí a sì fi àmì ìyá sára ebè kọ̀ọ̀kan.