Ìjọba ń gbọ́ bùkátà aboyún, fọ́ọ̀mù ń gbọ́ tirẹ̀

Àǹtí mi pè mí lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà lẹ ń jayé. Ìjọba ń sanwó oyún, ó tún ń ra mílíìkì ọmọ!” Wọn ò parọ́. Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tówó wọn kò pọ̀, ló ń sanwó ìbímọ bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá níbí, WIC, ètò oúnjẹ ìjọba, sì ń fún aboyún, abiyamọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ẹyin, mílíìkì àti ẹ̀wà. Ohun tí wọn ò rí ni lẹ́tà.

Nílé ní Nàìjíríà, níbi tí mo ti bí àkọ́bí mi, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: gba káàdì, ra ìbọ̀wọ́, ra òwú, sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn ọ́. (Àwọn tó jàǹfààní ètò Abíyè, ìtọ́jú aboyún lọ́fẹ̀ẹ́ l'Óǹdó, lè sọ ìtàn míì, àmọ́ èmi ò sí níbẹ̀.)

Níbí, oyún ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí mo ti kọ̀wé béèrè fún Medicaid. Wọ́n ní kí n mú ìwé owó oṣù wá, ìwé ilé, ìwé ìgbélùú. Mo fi ránṣẹ́. Lẹ́tà dé: ojú ìwé kan ò hàn dáadáa. Mo tún un fi ránṣẹ́. Lẹ́tà kejì ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ti kọjá, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló pẹ́ dé! Mo dúró lórí fóònù títí orin wọn fi há sí mi lórí. Nígbà tí káàdì máa jáde, oyún ti wọ oṣù karùn-ún. Oṣù àkọ́kọ́ sì ni ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọlẹ̀ ń fìdí múlẹ̀, ìgbà yẹn ni fólíìkì ásíìdì wúlò jù. Nọ́ọ̀sì ló wá sọ fún mi pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, aboyún lè gba ìtọ́jú onígbà díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ìwé rẹ̀ tó parí. Ta ló sọ fún mi tẹ́lẹ̀?

Mo tiẹ̀ ṣoríire. Òfin 1996 ní kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card, ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, dúró ọdún márùn-ún kó tó jẹ Medicaid. Láti 2009 ni ìpínlẹ̀ tó bá wù ti lè yọ aboyún kúrò nínú ìdúró yẹn. Tèmi yọ wá. Ti ọ̀rẹ́ mi kan ò yọ wọ́n.

Ṣé màá wá padà lọ bímọ nílé? Rárá o. Ìtọ́jú ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí i, yóò sì wà títí á fi pé ọdún kan, láìjẹ́ pé mo tún kọ̀wé tuntun. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró sí ọsibítù nítorí gbèsè. Àǹtí mi, ẹ má bínú, mi ò kábàámọ̀.

Lẹ́tà míì wà lórí tábìlì báyìí. Tí ọmọ bá sùn, màá ṣí i.