Alẹ́ Mẹ́ta Létí Odò Ọya

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Yanrìn wà nínú bàtà mi, ó wà nínú báàgì, ìyàwó mi ní ó wà nínú gàrí tí a gbé padà wálé pẹ̀lú. Ti gàrí yẹn, n kò tíì rí i, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn. Ẹni tó fi ìyàwó sílẹ̀ lọ ṣe fàájì lọ́jọ́ mẹ́rin kì í jiyàn.

Ọkọ̀ tí a gbé lọ kì í ṣe irú ilé tí òyìnbó ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò o. Bọ́ọ̀sì akérò ni, tí Wẹ́dà ọ̀rẹ́ wa tú àga inú rẹ̀ dànù. Ó to pákó mẹ́fà sí i, ó tẹ́ fóòmù lé e, ó jó irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí a lè ta tapólì sí i, ó wá fa wáyà fáànù kékeré kan láti ara bátìrì. Fáànù yìí ló fi ń yangàn jù. Òun, Tíṣà, Alfa àti èmi ni. Ìsinmi Àjíǹde ni, síbẹ̀ Alfa la dúró dè kó kírun Jímọ̀ tán kí a tó ṣíná.

Ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà, ẹni tó bá ti há sáàárín tírélà méjì níbẹ̀ rí kò nílò àlàyé. A ra iṣu ní Bódè Sáádù. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó dé.

Láyé ìsinsìnyí, a ò jẹ́ lọ sùn sínú igbó. Bàbá apẹja kan, ará Tápà, tí Wẹ́dà máa ń bá tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ló fún wa ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ibi tí ẹ̀yìnkùlé yẹn parí sí, Odò Ọya ló kàn. Wẹ́dà kọjú imú bọ́ọ̀sì sí omi gan-an, ó ní ká lè máa wo odò láti orí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá wò ó, ó ní, “Ẹ gbé e sẹ́yìn díẹ̀ sí i.” Wẹ́dà ní, “Bàbá, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ o.” Bàbá ò fèsì. Ó wọlé lọ.

Fáànù fẹ́ wa títí di bí aago mọ́kànlá, ó kú. Ooru jí wa. Mo sọ̀kalẹ̀. Dáàmù Jẹ́bà tí wọ́n ṣí ní 1985 wà lókè odò, kò jìnnà, wáyà iná ńlá ńlá sì ń bá tiwọn lọ lójú ọ̀run. Nínú ilé Bàbá, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń tàn sí ọmọ tó ń sunkún. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró omi, pọ́lọ́ pọ́lọ́, nítòsí jù. Mo tan fóònù sí i: táyà iwájú méjèèjì ti wà nínú odò.

Òjò kankan ò rọ̀. Bàbá jáde, ó ń so ṣòkòtò mọ́dìí. “Kì í ṣe òjò ló gbé e wá. Wọ́n ti ṣí i lókè ni.” Ó ní òun kì í wo ojú ọ̀run mọ́ kí òun tó lọ dẹ àwọ̀n, igi kan wà létí omi tí òun fi àdá sàmì sí lára, òun lòún máa ń wò.

Bátìrì tí fáànù ti fà gbẹ kò lè ṣíná. Ọmọ Bàbá mẹ́ta, aládùúgbò méjì, àwa mẹ́rin. A fi abọ́ ìjẹun gbẹ́ yanrìn lábẹ́ táyà. Bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ ni omi ń dí i. Alfa ló rántí pákó bẹ́ẹ̀dì. A yọ méjì, a tì wọ́n sábẹ́ táyà, a ké “hó-o!”, bọ́ọ̀sì gun pákó, ó bọ́ sẹ́yìn. Wẹ́dà tó ń tì í láti iwájú dojú bolẹ̀ sínú odò. Ó dìde, kò sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ fáànù mọ́ títí a fi padà. Pákó kan kán, omi gbé èkejì lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé a gun òkè lọ wo òpó ìrántí Mungo Park àti Richard Lander, àwọn òyìnbó tó wá tọpa Odò Ọya láyé àtijọ́. Òpó ni. Epìyà tí ìyàwó Bàbá dín, iyọ̀ àti ata gbígbẹ nìkan ló fi pa á lára, egungun rẹ̀ ń rún wómúwómú lẹ́nu. N ó rántí ìyẹn pẹ́ ju òpó lọ.

Lálẹ́, níbi tí a ti ń sun iṣu, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní ní oṣù kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ ojú omi Dayspring tí òyìnbó kan, Baikie, jẹ́ olórí rẹ̀ forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà yìí, ó sì fọ́. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó bá a wá. Létí odò ni wọ́n pàgọ́ sí, ó tó bí ọdún kan kí ọkọ̀ mìíràn tó wá kó wọn. Glover, ọ̀kan lára wọn tó padà di gómìnà l'Ékòó, fẹsẹ̀ rìn gba Ìlọrin kọjá lọ sí Èkó lọ wá ẹrù wá fún wọn. Èmi tí mo dàgbà n'Ílọrin, n kò gbọ́ ọ rí. Ọdún kan! Alẹ́ kejì la wà yìí, Alfa ti ń béèrè ìgbà tí a ó máa lọ.

Alfa ní, “Àwọn yẹn ńkọ́, ṣé pákó bẹ́ẹ̀dì wọn pé?”

Ẹ̀gbẹ́ àlàfo ni ibùsùn bọ́ sí fún Tíṣà. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, ó ń fọwọ́ ti ìbàdí.

Lánàá, wọ́n fi bátìrì ẹlòmíràn jí ọkọ̀ wa. Bàbá kọ owó, ó fún wa ní àrọ̀ gbígbẹ mẹ́ta. Bí a ṣe ń dágbére ni mo rí pákó wa kejì: wọ́n ti kàn án mọ́nú ọkọ̀ Bàbá, ọmọ rẹ̀ kan jókòó lé e, ó ń gbọ́n omi. Wẹ́dà náà rí i. Ó ní, “Ẹ ṣé o, Bàbá.”

Láàárọ̀ yìí, ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa, pákó tuntun tó gbé ti ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mo kà á, mẹ́jọ ni. Mo wo gbogbo àwòrán náà yí ká, n kò rí fáànù.